Àpótí fún Ẹnu-Kò-Sinmi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń rí lára àgbàlagbà ọkùnrin, kó wá wo Ẹnu-Kò-Sinmi lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó dákẹ́. Kì í ṣe owú orogún ni mò ń wí. Orogún á pariwo, á fọ́ abọ́, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ á ti rẹ̀ ẹ́. Ti àgbà ọkùnrin kì í ní ariwo. Yóò máa rẹ́rìn-ín sí èèyàn, yóò máa béèrè bó ṣe sùn, yóò máa fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun, ẹni tí wọ́n ń jowú rẹ̀ yóò sì máa rò pé baba yìí mà fẹ́ràn òun o.

Ojú ogun ni wọ́n wà. Ọmọ ogun méjì ló dó ti ìlú kan ṣoṣo: àwọn ará odò lábẹ́ Balógun wọn, àwọn ará òkè lábẹ́ Olórí-Òkè. Odi ìlú náà ga, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ní oúnjẹ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ogun tí wọ́n ní àwọn yóò jà parí kí òjò tó dé ti rí òjò, ó ti rí ẹ̀ẹ̀rùn, òjò mìíràn sì tún ti ń ṣú bọ̀. Àgọ́ ti di ilé. Ẹni tó gbé aṣọ kan ṣoṣo wá ti ní ìyàwó, ẹni tó gbé ìyàwó wá ti ní àna.

Ará odò kò gbọ́ èdè òkè, ará òkè kò gbọ́ ti odò. Afárá kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, Ẹnu-Kò-Sinmi ni afárá ọ̀hún. Òun ni ògbufọ̀. Ẹ̀yìn èjìká òsì Balógun ni ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, ìdúró ló sì máa ń wà. Ògbufọ̀ kì í jókòó. Wọ́n ní ẹni tó bá ti jókòó ti ní èrò tirẹ̀ nìyẹn. Ó ti dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi jìn sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ìpàkọ́ Balógun ló sì mọ̀ jù láyé, ó mọ̀ ọ́n ju ojú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí Balógun bá ní, “Èmi yóò bẹ́ ẹ lórí,” òun náà á ní, “Èmi yóò bẹ́ ẹ lórí,” ojú rẹ̀ á sì rọ̀ bíi ti ẹni tó wá kí ìyá ìkókó.

Ohun tó kọ́kọ́ ba inú rẹ̀ jẹ́ ni èdè ibùdó. Àwọn ọmọ ogun, tí wọn kò lè máa dúró de ògbufọ̀ kí wọ́n tó tọrọ iná lọ́wọ́ ara wọn, ti da èdè méjèèjì pọ̀. Ti odò ni wọ́n fi ń ka iye. Ti òkè ni wọ́n fi ń bú ara wọn, nítorí èébú òkè wúwo, ó ń dun ẹni tó bú u ju ẹni tí wọ́n bú lọ. Ìkíni wọn pàápàá ti dàpọ̀. Ará odò a máa na ọwọ́, ará òkè a máa fi ọwọ́ kan àyà. Ní ibùdó, wọ́n á na ọwọ́ síra wọn tán, wọ́n á wá gbé e lé àyà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé èdè méjì ni. Ẹnu-Kò-Sinmi ní omi ìfọṣọ ni wọ́n ń dà sínú ọbẹ̀. Kò sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ọkàn rẹ̀: bí gbogbo ayé bá gbọ́ ara wọn yé, kí ni wọ́n ó máa fi òun ṣe?

Ìgbà náà ni wọ́n mú Oníyọ̀ wá.

Obìnrin tó ń ta iyọ̀ lójú ọ̀nà ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará òkè, baba rẹ̀ ará odò, ọjà ààlà ló sì ti dàgbà. Àwọn ọmọ ogun odò mú òun, àwọn ti òkè mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí iyọ̀ níwájú àgọ́ Balógun. Ẹnu-Kò-Sinmi ń tún ọ̀fun ṣe kó lè là wọ́n, obìnrin náà sì ti sọ ọ́ ní èdè ibùdó, ó ní àwọn ará odò ló ni òun, àwọn ará òkè ló ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, iyọ̀ kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí tọ̀tún-tòsì ó tò wá rà á. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará odò kò rẹ́rìn-ín kí ti òkè tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìtumọ̀, bó ṣe máa ń rí. Lẹ́ẹ̀kan náà ni. Balógun rín in títí fìlà fi jábọ́. Ẹnu-Kò-Sinmi náà rẹ́rìn-ín. Ó kí obìnrin náà kú ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n bá a wá ibi tó tutù sùn.

Ibi tó tutù ọ̀hún, ẹ̀yìn àgọ́ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n fi í sí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ará òkè ni ìyàwó rẹ̀. Èdè odò ni wọ́n jọ ń sọ nínú ilé, nítorí ó ní tí òun bá ti tú ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kí wọ́n má tún fún òun ní iṣẹ́ nílé. Ìyàwó náà sì gbà. Ó ń rẹ́rìn-ín fún un ní ti odò, ẹ̀rín pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín ẹnu ọ̀nà. Àfi ìgbà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn ẹní tí wọ́n fi ṣe ògiri, tí òun àti Oníyọ̀ jọ ń ṣa ẹ̀wà, tí ẹ̀rín kan ti ìsàlẹ̀ ikùn ìyàwó rẹ̀ jáde wá, tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí látọjọ́ tó ti gbé e níyàwó. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Kò mu ún. Ó kọ̀ láti béèrè ohun tí wọ́n ń rín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ní kó dákẹ́ náà, Balógun pe ìgbìmọ̀. Àgọ́ rẹ̀ ń rùn fún ẹ̀tù àti awọ tútù. Àwọn àgbà odò jókòó lápá kan, ti òkè lápá kejì, Ẹnu-Kò-Sinmi sì ń lọ sí ẹ̀yìn èjìká òsì, nígbà tí Balógun gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹnu-Kò-Sinmi, jẹ́ kí ẹnu rẹ sinmi lónìí. Oníyọ̀ ni yóò bá wa tú u. Tirẹ̀ ń yá.”

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ẹnu-Kò-Sinmi fi ẹ̀rín gbà á. Ó lọ dúró lẹ́bàá òpó àgọ́ bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé tì, ó sì wo obìnrin tó ń ta iyọ̀ bó ti ń ti ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ òun.

Ògbufọ̀ ló máa ń ṣí ìgbìmọ̀ pẹ̀lú oríkì. Ẹnu-Kò-Sinmi a máa kọ́kọ́ ki Balógun ní ti odò: Ìjì tí í ṣí odi láìkan ilẹ̀kùn. Yóò sinmi díẹ̀, yóò wá ki Olórí-Òkè ní ti òkè: Àpáta tí kò sá fún òjò. Oníyọ̀ kò mọ ètò yẹn. Ó ki àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìjì àti àpáta ló pàdé, ká wo odi tí yóò dúró láàárín wọn. Àwọn àgbà lápá méjèèjì kùn bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ. Lẹ́bàá òpó, Ẹnu-Kò-Sinmi ní nínú ara rẹ̀ pé oríkì kọ́ nìyẹn, ìpolówó ọjà ni. Ó tún un wí nínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dùn lẹ́tí, ìyẹn ló sì bí i nínú.

Balógun tú èrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun yóò kọlu ibodè ìlú. Àwọn ará òkè ni yóò di yàrà apá òsì mú. Bí wọ́n bá fi yàrà náà sílẹ̀ nígbà tí òun ti wọ ẹnu ibodè, àwọn ará ìlú yóò yí òun ká lẹ́yìn, kò sì ní sí ọmọ odò kan tí yóò padà délé. Nítorí náà ó fẹ́ ìbúra.

“Ẹ̀yìn mi ni mo fẹ́ fà lé ọ lọ́wọ́,” ló sọ fún Olórí-Òkè. “Búra fún mi.”

Oníyọ̀ tú u, ó tú u dáadáa. Olórí-Òkè gbọ́. Ó dìde, ọkùnrin fírígbọ̀n tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó mú ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà àgọ́, ó fi í gún ilẹ̀ níwájú Balógun. Ó pa ẹnu dé. Ó ń wo ojú Balógun láìmi ìpéǹpéjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí nínú gbogbo àgọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tọ̀tún-tòsì; Oníyọ̀ pàápàá, ọmọ ọjà ààlà, kò rí i rí. Lọ́dọ̀ àwọn ará odò, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń búra. Èèyàn á fi ahọ́n kan irin, á wí tirẹ̀, ó parí. Wọ́n ní ẹni tó ń ronú kó tó búra, ọ̀nà tí yóò gbà sá ló ń wò. Ẹni tó bá sì gún ọ̀kọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ láìsọ̀rọ̀, ogun ló bá wá. Lọ́dọ̀ àwọn ará òkè, ọ̀rọ̀ tí a kò bá fi sùn kò tíì di ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí àgbà búra, yóò gbé ohun ìjà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó bi í, kò ní bá ẹ̀dá kan sọ̀rọ̀, ìyàwó ni, ọmọ ni, títí oòrùn yóò fi yọ. Nígbà náà ni yóò wá fa ọ̀kọ̀ rẹ̀ tu, tí yóò sì dáhùn. Láàárín ìgbà náà, ọwọ́ òfìfo ló ń sùn. Ohun tó ń wí ni pé: mo gbà ọ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, tó o bá fẹ́, wá pa mí.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, Olórí-Òkè gún ọ̀kọ̀ báyìí, ọwọ́ Balógun sì ti ń lọ sídìí idà. Ẹnu-Kò-Sinmi ló yára. Ó ní ó ti búra, ó ní ọ̀kọ̀ náà ni ẹ̀rí. Ó yíjú sí Olórí-Òkè, ó ní Balógun ní kó sùn re. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín síra wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Olórí-Òkè wá fa ọ̀kọ̀ tu tó sì dáhùn, ó ní ó wá kí Balógun kú àárọ̀ ni. Bó ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti bi wọ́n léèrè ìbúra nìyẹn. Irọ́ ni. Àmọ́ inú irọ́ ọ̀hún ni ọmọ ogun méjì ń gbé láti ìgbà náà, bí ẹni ń gbé inú ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó mọ ògiri rẹ̀.

“Kí ló wí?” ni Balógun bi Oníyọ̀.

“Kò wí nǹkan kan, Balógun.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Iyọ̀ ni mò ń tà, n kì í da yanrìn mọ́ ọn. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mò ń sọ. Ó gún ọ̀kọ̀, ó dákẹ́.”

Balógun wo ọ̀kọ̀ tí kò lọ́rọ̀ lẹ́yìn yìí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ kan Ẹnu-Kò-Sinmi, ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó wo òpó. Ká ní ó dúró níbẹ̀ díẹ̀ ni. Ká ní ó gbé irun ojú sókè lásán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ó wà lórí ahọ́n Ẹnu-Kò-Sinmi, ó ń jó o bí ata. Ó gbé e mì. Adùn ńlá kan gba àyà rẹ̀ kọjá, adùn ẹni tó rí i tí ẹlòmíràn fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà tí òun nìkan mọ ibi tí kòtò rẹ̀ wà. Kí ẹnu tó ń yá wá yá nísinsìnyí.

Olórí-Òkè fi ọwọ́ kan àyà, ó padà sí àgọ́ rẹ̀ láìmú ọ̀kọ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Balógun ti ní kí wọ́n yí ìbọn ńlá tó dojú kọ ibodè ìlú padà, kí wọ́n kọ ọ́ sí àgọ́ àwọn ará òkè. Ó rán oníṣẹ́ lọ bi Olórí-Òkè léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Oníṣẹ́ padà wá, ó ní baba náà jókòó síta, ojú rẹ̀ tutù, ó wo òun bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́. Àwọn ará òkè rí ẹnu ìbọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú àgọ́. Àwọn tó ti jọ ń tọrọ iná lọ́wọ́ ara wọn ń wo ara wọn lókèèrè, kò sẹ́ni tó na ọwọ́, kò sẹ́ni tó gbé e lé àyà. Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ìyàwó Ẹnu-Kò-Sinmi bá a níbi tó ti ń jẹun. Ó ń jẹun dáadáa. Ìyàwó náà kò jókòó.

“Baálé mi, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrà apá òsì. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?”

“Wọn ò bi mí.”

“Ṣé ìgbà tí wọ́n bá bi yín nìkan lẹ máa ń sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá adìyẹ lóhùn?”

Ó ní wọ́n ti ní ẹnu tuntun, kí ẹnu tuntun sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọkọ ní ọjà ti kọ òun sílẹ̀, kí òun wá máa tún orí ọmọ ṣe? Obìnrin náà yí padà láti lọ, àfi ìgbà tí ẹnu ọkùnrin náà ya lójijì, tó bi í ní ohun tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́.

“Kí ni ìwọ àti Oníyọ̀ ń rín lẹ́yìn ògiri mi?”

Ó wò ó. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ọ̀rọ̀ ogun kọ́ ni ọkọ òun ń bá bọ̀.

“Ẹ̀yin là ń rín,” ló wí. “Ẹ máa ń tú ọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹ ó wí i ní ti odò, ẹ ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ó dá ara yín lóhùn ní ti òkè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ bá ara yín jà, ẹ tún la ara yín. Mo ní fún un pé kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yìí bíi tiyín, nítorí ẹ̀yin kì í ṣíwọ́.” Ó tún ìró rẹ̀ so. “Bí ẹ ò bá ní sọ ọ́, èmi ń lọ sọ ọ́ fún Oníyọ̀.”

Ó lọ. Ọkùnrin náà wo abọ́ rẹ̀. Oúnjẹ náà ti dà bí erùpẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Oníyọ̀ sáré lọ sí àgọ́ Balógun pẹ̀lú ohun tó gbọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kó wọlé. Balógun rán wọn sí i pé ẹni tó ní kò wí nǹkan kan lọ́sàn-án, kí ló wá gbọ́ nírọ̀lẹ́? Ó ní ta ló sọ ọ́ fún un? Oníyọ̀ ní obìnrin òkè kan ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá yí lẹ́ẹ̀kan, kódà bó jẹ́ òótọ́ ló yí i sí, ó ti di ọ̀rọ̀ oníyípadà.

Àwọn tó wà lórí odi ìlú kò fọ́jú. Wọ́n rí ibi tí ẹnu ìbọn kọ sí. Bí ilẹ̀ ṣe ń là bọ̀, ibodè ṣí, wọ́n sì tú jáde sí àárín àgọ́ méjèèjì, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Kò sí àṣẹ. Balógun ń pe àwọn tirẹ̀ padà láti dáàbò bo ìbọn. Olórí-Òkè kò lè pàṣẹ, oòrùn kò tíì yọ. Àmọ́ nínú yàrà apá òsì, ará odò kan ṣubú, ará òkè kan fà á dìde, ó sì bú u ní èdè ibùdó pé kó gbé ìdí rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀tù. Èyí tó ṣubú bú u padà. Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù gbọ́ wọn, tí wọ́n sì ń sáré bọ̀. Ẹni tó bá ń bú ọ ní irú èdè yẹn kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Wọ́n di yàrà náà mú, láìsí ìbúra, láìsí ògbufọ̀.

Oòrùn yọjú. Olórí-Òkè dìde, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó fa igi àgọ́ tu, ó ń fi í la ọ̀nà fún ara rẹ̀, ó ń sáré tààrà bọ̀ níbi àgọ́ Balógun, níbi tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ wà. Ohun tí àwọn ará odò rí ni ọkùnrin fírígbọ̀n tó ń fi igi jà bọ̀ wá bá olórí wọn. Àwọn abìbọn kúnlẹ̀. Balógun fa idà yọ.

Lẹ́bàá àgọ́ Balógun, níbi tí Ẹnu-Kò-Sinmi ti dúró tó ń wòran, Oníyọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

“Baba, mo ti sọ ọ́, wọn ò gbà á lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹnu yín ni wọ́n ń gbọ́.”

Àṣé gbogbo ohun tó fẹ́ gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà tó tó àgbàlagbà, tó fẹ́ kí àgọ́ méjì jóná nítorí pé wọn ò bi í. Mo ti bínú sí i títí, n ò lè bínú mọ́.

Ó bọ́ síwájú àwọn ìbọn. Kò pariwo, ohùn ìgbìmọ̀ ló lò, ohùn tó ń tutù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń gbóná. Ó ní kí wọ́n sọ ẹnu ìbọn kalẹ̀, ìbúra ni ọkùnrin yìí wá ṣe. Ó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lókè, wọ́n á sùn lé e. Balógun gbé ọwọ́ sókè, àwọn abìbọn dúró. Olórí-Òkè dé ibi ọ̀kọ̀, ó fà á tu, ó fi ọwọ́ kan àyà, ó sì la ẹnu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná.

“Ó ní òun ti sùn lé e,” ni Ẹnu-Kò-Sinmi tú. “Ó ní ẹ̀yìn yín wà lọ́wọ́ òun.”

Ìrì kò tíì gbẹ nígbà tí wọ́n lé àwọn ará ìlú padà sẹ́nu ibodè wọn.

Balógun kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí wọ́n padà sínú àgọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára aṣọ gbogbo wọn, ó jókòó, ó gbé idà lé orí ẹsẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa ń sùn lé e lókè, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ìbúra tí wọ́n tú fún òun látẹ̀yìn wá, lójú ẹsẹ̀ ni òun gbọ́ wọn.

“Ta ló búra fún mi?”

“Èmi ni,” ni Ẹnu-Kò-Sinmi wí. Látọjọ́ tó ti ń wí “èmi” nínú àgọ́ yẹn, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀.

Olórí-Òkè ń wo ẹnu kan bọ́ sí èkejì, ó ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Balógun yíjú sí Oníyọ̀. Ó ní kó bi Olórí-Òkè: ní òkè lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn búra?

Ẹnu-Kò-Sinmi mọ ìdáhùn. Orí ni. Wọn kì í gba ìtanràn, wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ó wo Oníyọ̀, obìnrin tí kì í da yanrìn mọ́ iyọ̀, ó sì mọ̀ pé kò jẹ òun ní gbèsè àánú kankan.

Oníyọ̀ wò ó díẹ̀. Ó kọjú sí Olórí-Òkè. Kò lo èdè ibùdó tí gbogbo àgọ́ ń gbọ́. Èdè òkè tó jinlẹ̀ ló fà yọ, irú èyí tí àwọn obìnrin ń kọ́ ara wọn nídìí ẹ̀wà ṣíṣà, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà òkè yòókù ṣì wà lójú yàrà lọ́dọ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ohun tó bi í ni pé: Balógun ní, kí ni ká ṣe fún ẹni tó ti fi ọrùn kan gbé àwa méjèèjì láti ọjọ́ yìí wá?

Irun kan kò mì lójú Oníyọ̀.

Olórí-Òkè rò ó. Ó wo Ẹnu-Kò-Sinmi láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fèsì.

“Ó ní kí ẹ fún un ní àpótí kó jókòó,” ni Oníyọ̀ tú. “Ó ní ìdúró rẹ̀ ti pẹ́.”

“Ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ búra?”

“Ohun tó wí nìyẹn, Balógun.”

Òótọ́ sì ni, ohun tó wí nìyẹn. Balógun mi orí, ó ní inú àwọn ará òkè yìí gbòòrò ju ti òun lọ. Ó bọ idà sínú àkọ̀. Ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá máa búra nínú ibùdó yìí, kó fi ahọ́n kan irin nírọ̀lẹ́, kó sùn, kó wá fọwọ́ kan àyà láàárọ̀, ará odò àti ará òkè bákan náà. Àwọn ọmọ ogun tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ara wọn, bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àpótí wá.

Ẹnu-Kò-Sinmi jókòó. Orí rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó rí ojú Balógun níwájú, ó rí i pé ó ti darúgbó. Ìgbìmọ̀ ń lọ, Oníyọ̀ ń tú ọ̀rọ̀, ó sì ń fetí wá àṣìṣe kan, ẹyọ kan péré, bí ẹni ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Kò rí. Ó ń ronú sí gbólóhùn tó fi gba ẹ̀mí òun là. Látọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, òun kò tú ọ̀rọ̀ kan tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ta bí ìgbà tí wọ́n ta á lọ́fà.

Nígbà tí obìnrin náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti bu omi, ó rọ ohùn sílẹ̀.

“Oníyọ̀, yanrìn wà nínú rẹ̀ o.”

“Ó wà níbẹ̀, Baba. Lọ́wọ́ yín ni mo ti bù ú.”

Obìnrin náà padà sí ẹ̀yìn èjìká òsì, ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ ibi tí ilẹ̀ ti jìn. Ẹnu-Kò-Sinmi tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ náà. Ojú ẹsẹ̀ ọ̀hún tóbi jù fún un díẹ̀. Ó wò ó títí ìgbìmọ̀ fi tú, ìyẹn nìkan ló sì tù ú nínú lọ́jọ́ náà.